Orin Tí Kúlúsúmù Bèèrè fún Sàdáàkì

Bí obìnrin bá ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó ti sin ọkọ, tó ti fọmọ fọ́kọ, ó yẹ kí àwọn wàhálà kan ti fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ìfẹ́ ni ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí Kúlúsúmù gbà gbọ́ nìyẹn, títí di ọ̀sán tí Mojọlá ọ̀rẹ́ rẹ̀ yà sí ìsọ̀ rẹ̀ l'Ọ́jà'ba, tó fìdí lé ìkòkò kan tó dojú dé, tó wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ológbò tó ti fẹnu kan wàrà.

"Kúlú, ó ti dé o."

"Ta ló dé?"

"O mọ ẹni tí mò ń sọ. Nojeem."

Abọ́ tánganran àti ìkòkò ni Kúlúsúmù ń tà. Èyí tó ń nù lọ́wọ́, ó rọra gbé e sílẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe é kì í ṣe ìbínú, kì í sì í ṣe ìyàlẹ́nu. Ìríra ni. Omi kíkan gòkè wá sí ọ̀fun rẹ̀, ó sì gbé e mì.

"Nojeem tó ń fi isó àti èébì kọrin?"

"Òun náà ni. Wọ́n fẹ́ ṣe àwo orin tuntun. Gbogbo Àwọn Oníyẹ̀yẹ́ tó ṣẹ́ kù láyé ti pé jọ sí situdíò ọmọkùnrin kan ní Bẹ́yẹrúnkà. Ṣé o rántí ìgbà tá a gbọ́ orin wọn gbẹ̀yìn? Àwọn ọmọ ìwòyí ló tún hú u jáde, wọ́n ń fi í ṣeré lórí fóònù, ló bá di nǹkan ńlá. Ìyàwó rẹ̀ ti kú nílùú Òyìnbó. Ó ní kí n bá òun kí ọ."

"O ti kí mi."

"Ó ní ṣé òun lè wá jókòó díẹ̀."

Kúlúsúmù pòṣé, ó tutọ́ sẹ́yìn ìsọ̀. "Ṣé alárinà ni ìwọ Mojọlá máa ṣe títí wọn ó fi gbé ọ sin ni? Sọ fún un pé ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

Ó yẹ ká mọ irú ẹni tí Àwọn Oníyẹ̀yẹ́ jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jó sí orin wọn lónìí kò tíì délé ayé nígbà náà. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin ni wọ́n, tí wọ́n ń ta gìtá oníná, tí wọ́n sì ń lu ìlù òyìnbó bí ẹni tí inú ń bí. Ariwo rọ́ọ̀kì tó lè jí òkú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá la ẹnu, ọ̀rọ̀ onílé tó ń hanrun ni, ọ̀rọ̀ àna tó sọ́ níbi ìdána, ọ̀rọ̀ ìdun inú bẹ́ẹ̀dì. Wọn á ró ìró obìnrin, wọn á wé gèlè lé irùngbọ̀n. Nojeem ló ń léwájú orin, Gbénga ló ń lu ìlù, Adégòkè ló ń ta gìtá olóhùn ńlá. Ẹnì kẹrin ti di ará ọ̀run.

Ìbàdàn ń rẹ́rìn-ín nígbà náà, Kúlúsúmù náà sì ń bá wọn rín in. Ẹ̀rín gan-an ni Nojeem fi mú un. Ọmọ alùfáà kan tó ń rán fìlà ní Bẹẹrẹ ni Kúlúsúmù, nínú ilé tí wọn kì í gbóhùn sókè. Nojeem á ya wá bí oníbàárà, á mú fìlà ọmọdé, á gbé e dé orí rẹ̀ gbàǹgbà, á wá fi ojú òótọ́ wí pé, "Bàbá, ó fẹ́ẹ́ bá mi mu." Kúlúsúmù á sá wọ yàrá lọ fi ìrọ̀rí bo ẹnu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹbí Nojeem wá tọrọ ọmọ, bàbá kò tilẹ̀ jẹ́ kí ìdí wọn kanlẹ̀ dáadáa.

"Mi ò lè fọmọ mi fún ẹni tó ń fi isó jẹun," ni bàbá wí. "Ẹni tó ń fi àna ẹlòmíì ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí, tèmi ni yóò kàn lọ́la."

Bàbá mọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n ta ní í gbọ́ ti bàbá nígbà tí ìfẹ́ bá ń gbóná? Mojọlá di ẹni tó ń jíṣẹ́ láàárín àwọn méjèèjì. Kúlúsúmù á ní ọjà lòun ń lọ, á sì gba ẹ̀yìn ilé gun Òkè Padre, níbi tí Nojeem gba yàrá sí.

Ọ̀sán kan, ó gòkè lọ láti sọ fún un pé òun ti lóyún. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wá ibi tí yóò ti mú ọ̀rọ̀ náà. Nojeem gbé gìtá onígi rẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀, èyí tó ní ihò láàárín, ó ní kó kọrin sí i kóun gbọ́. Kúlúsúmù la ẹnu, èébì ló jáde. Inú ihò gìtá ló bọ́ sí. Nojeem wò ó, ó wo gìtá, ó bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi ṣubú lulẹ̀ tó ń di ikùn mú. Kúlúsúmù náà bá a rẹ́rìn-ín, nítorí ìtìjú ti fẹ́ pa á. Ó rò ó pé ọ̀rọ̀ oyún kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ sáàárín irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Ó sún un di ìgbà mìíràn.

Ìgbà mìíràn kò dé. Ẹnì kan ti rí i lórí òkè, bàbá rẹ̀ sì mú un lọ sọ́dọ̀ àǹtí kan ní Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ni oyún náà ti bà jẹ́ mọ́ ọn lára. Nígbà tó fi máa padà sí Bẹẹrẹ, tí ẹ̀jẹ̀ kò tíì dá tán lára rẹ̀, orin kan ṣoṣo ni gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àwo ń gbé sókè. "Ó Bì Sí I" ni wọ́n ń pè é.

Mo ní kó kọrin sí i, ó bì sí i.
Mo ní kó fẹnu kò ó, ó bì sí i.
Ọmọge Bẹẹrẹ, kí lo jẹ lánàá o?

Èrò á wá fi ìró èébì gbè é: họ̀ọ̀wọ̀. Àwọn ọmọ iléewé ń ṣe họ̀ọ̀wọ̀ lójú títì. Àwọn awakọ̀ ń ṣe é fún obìnrin tí kò bá tètè wọkọ̀. Yàtọ̀ sí Mojọlá, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí Ọmọge Bẹẹrẹ í ṣe. Ọ̀rọ̀ oyún ní tirẹ̀, Mojọlá pàápàá kò gbọ́ ọ. Àǹtí Ọ̀yọ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n, ó sì ti gbé e wọ sàréè. Nojeem gba ìlú Òyìnbó lọ, Kúlúsúmù sì fẹ́ Sàlámì, oníṣòwò oníwà pẹ̀lẹ́ kan, èèyàn rere tí kò fi ohunkóhun pọ́n ọn lójú, àfi pé bó bá ń fá irùngbọ̀n láàárọ̀, orin yẹn ló máa ń fi imú kọ. Ìyàwó rẹ̀ á wà nídìí ààrò, á máa gbọ́ ọ, kò sì ní lè sọ pé kó dákẹ́. Ó fara dà á bẹ́ẹ̀ títí Sàlámì fi kú.

Nojeem kò dúró gba èsì tí Kúlúsúmù fi rán Mojọlá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ló yọ sí ìsọ̀. Ṣòkòtò awọ dúdú tó fún mọ́ ọn lára ló wọ̀, ikùn sì wú jáde lókè bẹ́líìtì bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì pípò tó ti wú kọjá ẹnu agolo. Ó kun irun rẹ̀ dúdú, òógùn sì ń fa ọ̀dà náà wálẹ̀ létí rẹ̀. Eyín àtọwọ́dá ń ró kẹ́ṣẹ́kẹ́ṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀, òórùn òróró tí àwọn arúgbó fi ń pa orúnkún sì ń jáde lára rẹ̀. Kúlúsúmù wò ó látòkè délẹ̀, ó ń rí i lára.

"Ẹ káàbọ̀," ló wí.

"Kúlú, ìgbà wo ni mo di ẹni tí ò ń sọ 'ẹ' fún?"

"Ìgbà tẹ́ ẹ dàgbà. Kí lẹ fẹ́ rà?"

Nojeem mú abọ́ kékeré kan, ó gbé e dé orí, ó wo ojú rẹ̀ nínú ìdí ìkòkò tó ń dán. "Ìyá aláwo, ó fẹ́ẹ́ bá mi mu."

Ẹ̀rín já bọ́ lẹ́nu Kúlúsúmù kó tó mọ̀. Ó bínú sí ẹ̀rín náà. Ó tún bínú sí ọkàn rẹ̀ tó fò bí ti ọmọge, lábẹ́ ọyàn tí ọmọ mẹ́ta ti mu tán. Ó ń bi ara rẹ̀ pé, kí ló ń ṣe mí gan-an? Ṣé ojú mi kò rí ọ̀dà tó ń ṣàn yẹn ni?

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti kírun Ásárì tán ni Nojeem ti ń dé. Ó ń bá a to abọ́, ó ń pa àwọn oníbàárà lẹ́rìn-ín, ọjà sì ń tà. Kúlúsúmù ò lé e, kò sì gbà á. Ló bá di pé Mojọlá, tí kò lè fi nǹkan sílẹ̀ kó jinná fúnra rẹ̀, ní kó tẹ̀ lé òun lọ sí Bẹ́yẹrúnkà lọ wo bí ọkùnrin náà ṣe ń ṣiṣẹ́. "Wò ó dáadáa kó o tó mọ èyí tó o máa ṣe," ló wí.

Situdíò náà gbóná, òórùn òógùn àti ẹran díndín sì gba inú rẹ̀ kan. Gbénga onílù ti di alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí i lọ́wọ́. Ó dúró síwájú ẹ̀rọ agbóhùn, ó bu omi sẹ́nu, ó yí i lọ́fun, ó tu ú sínú ike: họ̀ọ̀wọ̀. Tóbilọ́ba, ọmọkùnrin tó ni situdíò, gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó ki sí i díẹ̀, Bàbá. Ìyẹn ṣàn jù." Ni Gbénga bá ní kí wọ́n lọ ra ògì. Ó bu ògì sẹ́nu, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ògì ń kán sí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, Adégòkè sì ń rẹ́rìn-ín títí ikun fi yọ nímú rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tó ní ọmọ-ọmọ nílé ni o. Nojeem wà láàárín wọn, ó ń fi ẹsẹ̀ lulẹ̀ sí orin náà, ó ń kọ pé kí ni Ọmọge Bẹẹrẹ jẹ lánàá.

Kúlúsúmù kẹ́yìn sí wọn, ó jáde. Nojeem sáré bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Kúlú, eré ni. Orin yẹn ni gbogbo ayé ń béèrè. Láìsí i, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ àwo náà."

"Eré yín ń kó mi nírìíra," ni Kúlúsúmù wí. "Ẹ̀yin fúnra yín ń kó mi nírìíra. Ẹ má wá sí ìsọ̀ mi mọ́."

Nojeem ò wá mọ́ lóòótọ́. Ẹni tó lé e ló wá ń yọjú wo ọ̀nà Màpó bí wọ́n bá ti kírun Ásárì tán. Ó ń wò ó, ó ń bú ara rẹ̀, ó sì tún ń wò ó. Kò sí obìnrin tí kò mọ irú ìyà bẹ́ẹ̀, bó ti wù kó dàgbà tó.

Ibà ló parí ìjà náà. Ó gbé Kúlúsúmù dè, kò lè dìde. Mojọlá wá tọ́jú rẹ̀, kò sì sọ pé òun ti ránṣẹ́ sí ẹnì kankan, àfi ìgbà tí Nojeem wọlé. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì láti kí i, èébì gbé Kúlúsúmù. Ó bì sọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó bì sí ṣòkòtò awọ, ìyókù bọ́ sínú garawa. Ó gbójú sókè pẹ̀lú omijé, ó ń dúró de ẹ̀rín. Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ń dúró de ẹ̀rín yẹn kó lè kórìíra rẹ̀ pátápátá.

Nojeem ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́." Ó gbé garawa jáde, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e padà wá. Ó fi aṣọ tútù nu ẹnu Kúlúsúmù. Bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn títí ibà fi lọ, kò sì fi pa àpárá kankan.

Nígbà tí ara Kúlúsúmù yá, òun fúnra rẹ̀ ló ní kó wá. Ọ̀sán ni, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, Mojọlá ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. Kúlúsúmù sọ gbogbo rẹ̀: ohun tó tìtorí rẹ̀ gun Òkè Padre lọ́jọ́ náà, ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, bó ṣe ń gbọ́ orin náà lẹ́nu Sàlámì láràárọ̀. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, kò sunkún.

Nojeem jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó yọ eyín àtọwọ́dá rẹ̀ kó lè sunkún dáadáa. Ó gbé e dání, itọ́ sì ń kán láti ara rẹ̀ sórí ẹní. Ohun ìríra ni lójú, Kúlúsúmù sì mọ̀ pé ìgbà yẹn gan-an lòun tún bọ́ sínú ìfẹ́ rẹ̀.

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?" ni Nojeem bi í pẹ̀lú ẹnu tó ti wó.

"Ẹ̀rín lò ń rín."

Nígbà tó dá eyín padà, ó ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, kí ọjọ́ ayé tó kù má baà tún ṣòfò. Kúlúsúmù ní ọwọ́ ìyàwó ni ọ̀rọ̀ sàdáàkì wà, ohun tó bá bèèrè ni ọkọ ń san fún un kí wọ́n tó so yìgì.

"Bèèrè," ni Nojeem wí.

"Orin yẹn ni mo fẹ́. Kó di tèmi. Kò ní wọ inú àwo yín, ẹ ò sì ní kọ ọ́ níbikíbi mọ́ láyé. Má sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ."

Nojeem ń fi àtàǹpàkò fa etí ṣòkòtò rẹ̀.

"Gbénga máa pa mí."

"Kó pa ẹ́."

"Mo gbà, Kúlú. Mo fi Ọlọ́run búra."

Bushrah, àkọ́bí Kúlúsúmù, ló kọ́kọ́ gbọ́ pé ìyá òun fẹ́ lọ́kọ. Ó gbéra láti ilé ọkọ rẹ̀ ní Oníyanrìn, kò tilẹ̀ bọ́ ìborùn kó tó sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ojú tì mí. Bàbá arúgbó tó ń wọ ṣòkòtò awọ? Tó ń kọrin èébì kiri? Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá ọkọ mi?"

"Sọ fún un pé ìyá rẹ lọ́kọ."

"Ṣé ẹ nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni?"

Kúlúsúmù ronú sí i. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. "Ó ń kó mi nírìíra," ló wí, "mo sì ń retí rẹ̀."

Bushrah wò ó bí ẹni tí kò rí ìyá rẹ̀ rí. "Ó máa tàbùkù yín, Màmá. Àwọn tó ń pa aráyé lẹ́rìn-ín, wọn ò ní nǹkan kan tí wọn ò lè tà."

"Bí bàbá mi ṣe wí náà nìyẹn," ni Kúlúsúmù dáhùn, "bàbá mi ò sì rí i nígbà tó ń fọ garawa."

Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ó dà bí ẹni pé ìyá ló jàre. Mojọlá ló ń gbé ìròyìn wá láti Bẹ́yẹrúnkà. Ó ní Nojeem ti sọ fún àwọn yòókù pé "Ó Bì Sí I" kò sí nínú àwo mọ́. Gbénga ju ọ̀pá ìlù mọ́ ògiri. Adégòkè ní kí wọ́n kúkú tú ká. Wọ́n bi í léèrè ìdí, ó ní òun ò ní sọ. Wọ́n bú u, wọ́n bú ìyá rẹ̀, kò sọ. Tóbilọ́ba pa ohun tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ rẹ́ níṣojú gbogbo wọn. Kúlúsúmù gbọ́ èyí, ó kọjú sí ògiri kí Mojọlá má baà rí ojú rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ìdùnnú náà sì ń bà á lẹ́rù.

Wọ́n lọ sọ́dọ̀ alùfáà láti bi í bóyá orin lè jẹ́ sàdáàkì. Alùfáà fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Ó ní òrùka irin lásán pàápàá lè tó, bó bá ṣáà ti níye lórí, tó sì jẹ́ ti ọkọ láti fún ìyàwó. "Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ sókè," ló wí, "létí àwọn ẹlẹ́rìí." Kúlúsúmù àti Nojeem wá fẹnu kò lórí ohun tó máa sọ lọ́jọ́ náà. Yóò ní, "Orin kan tó jẹ́ tèmi." Kò ní fi kún un, kò ní yọ níbẹ̀.

Ibi ìsoyìgì náà kò pọ̀ lérò. Yàrá àlejò àbúrò Kúlúsúmù ọkùnrin ní Àrẹ̀mọ ni wọ́n lò, wọ́n tẹ́ ẹní kún un, àwọn ará agboolé sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò rẹ̀ ló jókòó gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Nojeem wọ agbádá funfun, ó ti fọ ọ̀dà kúrò lórí, irun rẹ̀ sì funfun bó ṣe rí gan-an. Gbénga àti Adégòkè wá, wọ́n fajú ro létí ògiri. Bushrah jókòó ti ìyá rẹ̀, ó dì í lọ́wọ́ mú, nítorí pé ó ti gbà nígbẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ kò dùn sí i tán. Kúlúsúmù wo ọkùnrin rẹ̀, kò rí nǹkan kan tó ń rí i lára.

Alùfáà wàásù, ó gbàdúrà. Ó wá kọjú sí Nojeem. "Kí ni sàdáàkì ìyàwó yín?"

Nojeem dìde dúró, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ní kó dìde.

"Orin kan tó jẹ́ tèmi," ló wí.

Ó parí níbẹ̀. Ó yẹ kó parí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Gbénga, tí inú ṣì ń bí, sọ̀rọ̀ láti ìdí ògiri pé, "Orin wo?" Gbogbo ojú yí sí Nojeem, àti tàwọn tó wà nínú ilé, àti tàwọn tó ń yọjú lójú fèrèsé. Kúlúsúmù rí i tí èjìká rẹ̀ gbéra sókè díẹ̀. Ó mọ èjìká yẹn. Bó ṣe máa ń gbé e sókè nìyẹn kó tó gbé fìlà ọmọdé dé orí.

"Ó Bì Sí I," ni Nojeem wí.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Kí ni ìyàwó fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" ni ẹnì kan bèèrè.

"Tirẹ̀ ni. Òun ni Ọmọge Bẹẹrẹ."

Ẹ̀rín bú gbàù. Àwọn obìnrin agboolé ń gbá ara wọn lọ́wọ́. Bushrah wo ìyá rẹ̀, kò tíì yé e dáadáa. Nojeem gbé ọwọ́ kan sókè bí ẹni tó wà lórí pèpéle, ó dúró títí wọ́n fi dákẹ́, ó tún dúró díẹ̀ sí i. Omijé wà lójú rẹ̀. Ó dájú pé ó rò pé ìfẹ́ lòun ń sọ.

"Ẹ ò tíì gbọ́ ibi tọ́rọ̀ wà," ló wí. "Gbogbo yín ti ń béèrè láti ọjọ́ yìí, kí ló jẹ lánàá? Kò jẹ nǹkan kan. Oyún mi ló ní sínú."

Ẹ̀rín fẹ́ wó ilé náà. Ẹnì kan ké Allahu Akbar, ẹlòmíì ń nu ojú. Adégòkè di Gbénga mú kó má ṣubú. Láti ojú fèrèsé, ohùn ọmọge kan dún ketekete: họ̀ọ̀wọ̀. Ẹ̀rín tún gbilẹ̀. Nojeem kọjú sí wọn, ó kẹ́yìn sí Kúlúsúmù, ó ń mi orí lọ́tùn-ún lósì bí ẹni tó ń gba ìyìn. Ọwọ́ Bushrah bọ́ kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó gbé e bo ẹnu ara rẹ̀.

Alùfáà, tí òun náà ti rẹ́rìn-ín díẹ̀ kó tó rántí ara rẹ̀, kan ilẹ̀ títí ariwo fi rọlẹ̀. Ó kọjú sí Kúlúsúmù tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ìyá wa, ẹ ti gbọ́ sàdáàkì yín. Ṣé ẹ gbà á, kí n so yìgì?"

Nojeem yí ojú padà láti gbọ́ èsì rẹ̀, ó sì rí ojú Kúlúsúmù fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti dìde. Ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu.

"Kúlú, wọ́n ń bá wa yọ̀ ni," ló wí. "Orin náà ti di tìẹ. Kò sẹ́ni tó máa kọ ọ́ mọ́."

Kúlúsúmù fa ìborùn rẹ̀ wá síwájú, ó dìde, ó sì bá alùfáà sọ̀rọ̀, kò bá Nojeem sọ̀rọ̀.

"Sàdáàkì wo ni kí n gbà, Alùfáà? Ó ti ná an tán níṣojú gbogbo yín."